Bí Ẹ Ṣe Lè Ti Ẹ̀pẹ́ Wá Àyè PhD Nínú Kẹ́mísírì àti Ìmọ̀ Ohun Ẹlẹ́mìí

Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ wa ní Ẹ̀pẹ́ ń parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Àwọn tí orí wọn pé jù nínú wọn, àwọn tó gba kíláàsì kìíní tàbí ìpele kejì ti òkè nínú kẹ́mísírì, báyókẹ́mísírì, máíkíróbáyólọ́jì tàbí ìmọ̀ ẹja, á ki ìwé ẹ̀rí wọn bọ inú fáìlì, wọ́n á sì máa wá iṣẹ́ tí kò kan ohun tí wọ́n kọ́ rárá. Tí ẹ bá bi wọ́n pé PhD ńkọ́, èsì kan náà ni wọ́n máa ń fọ̀: "Ta ló máa sanwó rẹ̀?" Ìbéèrè yẹn ló mú mi jókòó kọ èyí, torí pé ìdáhùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò.

Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó ń náwó sí ìwádìí, akẹ́kọ̀ọ́ PhD nínú kẹ́mísírì àti ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí kì í sanwó ilé-ìwé láti àpò ara rẹ̀. Òun gan-an ni wọ́n ń sanwó fún. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ní lábù á kọ̀wé béèrè owó lọ́wọ́ ìjọba tàbí àjọ kan láti fi wá ìdáhùn sí ìbéèrè kan pàtó, bóyá oògùn ibà tuntun ni, bóyá ọ̀nà àtiyọ òjé kúrò nínú omi ni. Tí owó náà bá jáde, òun nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ náà. Ó nílò ẹni tí yóò máa po èròjà, tí yóò máa tọ́jú kòkòrò àìfojúrí, tí yóò sì jókòó ti ẹ̀rọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹni yẹn ni akẹ́kọ̀ọ́ PhD, owó oṣù rẹ̀ sì ti wà nínú owó ìwádìí náà kí ó tó dé ibẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ yunifásítì. Ẹ kọ́kọ́ wá ìbéèrè, kí ẹ wá ẹni tó ń lé ìbéèrè náà lọ, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó wo ilé-ìwé tó wà. Orí èyí ni gbogbo ìgbésẹ̀ tó kù dúró lé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ilẹ̀kùn tí ìwé ẹ̀rí yín lè ṣí

Ẹni tó ní BSc nìkan, Amẹ́ríkà ló bá a mu jù. Níbẹ̀, ẹ lè ti orí BSc bọ́ sínú PhD kẹ́mísírì tààrà, láìkọ́kọ́ ṣe Másítà. Ó máa ń gba bí ọdún 5 sí 6. Wọ́n á yọ̀ǹda owó ilé-ìwé, wọ́n á máa san owó oṣù, ẹ̀yin náà á sì máa ran olùkọ́ lọ́wọ́ ní lábù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kékeré. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka kẹ́mísírì ibẹ̀ kò béèrè ìdánwò àbáwọlé tí wọ́n ń pè ní GRE mọ́. Oṣù Kejìlá ni ọ̀pọ̀ wọn ń ti fọ́ọ̀mù fún àwọn tí yóò wọlé ní oṣù Kẹjọ ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ físà Amẹ́ríkà fún àwa ọmọ Nàìjíríà ló gba ìṣọ́ra, torí pé òfin rẹ̀ ń yí padà léraléra. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ojú ìwé ilé iṣẹ́ aṣojú wọn wò kí ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 3 sí 4 ni. Ìpele kejì ti òkè lè gbé yín wọlé, ṣùgbọ́n Másítà ń ranni lọ́wọ́ púpọ̀. UKRI, àjọ ìjọba tó ń náwó sí ìwádìí, san £20,780 lọ́dún fún akẹ́kọ̀ọ́ ní sáà 2025/26, yàtọ̀ sí owó ilé-ìwé. Láti 2021 ni wọ́n ti gbà kí àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè wà lára àwọn tí wọ́n ń mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye wọn kò gbọdọ̀ kọjá ìdá 30 nínú 100. Ẹ máa wo FindAPhD àti jobs.ac.uk lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń polówó àyè. Sikọ́láṣíìpù Commonwealth náà wà fún PhD.

Ní Jámánì, Másítà ni wọ́n fẹ́ rí. Níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ni wọ́n ka ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ PhD sí: ẹ ó bu ọwọ́ lùwé iṣẹ́, ẹ ó sì máa san owó orí àti owó ìlera. DAAD, àjọ Jámánì tó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, ní sikọ́láṣíìpù tirẹ̀. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ International Max Planck Research School, tí wọ́n dá sílẹ̀ láti 2000, sì máa ń gba ọmọ gbogbo orílẹ̀-èdè. Fún Yúróòpù lápapọ̀, ẹ wá ètò PhD tí wọ́n ń pè ní Marie Skłodowska-Curie Doctoral Networks lórí ojú ìwé EURAXESS. Wọn kì í bi yín pé ọmọ ibo ni yín. Ohun tí wọ́n ń wò ni pé kí ẹ má tíì ní PhD, kí ẹ má sì tíì gbé nínú orílẹ̀-èdè tí ẹ ń lọ ju oṣù 12 lọ láàárín oṣù 36 tó ṣáájú.

Japan ní sikọ́láṣíìpù ìjọba tó ń jẹ́ MEXT, Ṣáínà ní ti ìjọba wọn, TWAS, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó fìdí kalẹ̀ sí Trieste ní Ítálì, sì ń ran àwọn ọmọ ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè lọ́wọ́. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ yẹ OWSD, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin onímọ̀ ìjìnlẹ̀, wò, ẹ sì wo àtòjọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń gbà lọ́dún náà kí ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù.

Ẹ má sì fojú di tòsí. Ibùdó ìwádìí WACCBIP ní yunifásítì Ghana ní Legon ń kọ́ni ní PhD lórí àwọn kòkòrò tó ń fa àìsàn, ó sì ń ran àwọn ọmọ Áfíríkà lọ́wọ́ pẹ̀lú owó. Ibùdó ìwádìí IGH, tó ń jẹ́ ACEGID tẹ́lẹ̀, wà ní yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, níbi tí ikọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ti ń ka àbùdá kòkòrò àìsàn bí Lassa. Ibùdó H3D wà ní Cape Town, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kelly Chibale ló dá a sílẹ̀ láti máa ṣe oògùn tuntun ní Áfíríkà. Ẹni tó bá tó iṣẹ́ ṣe níbẹ̀ kò rẹlẹ̀ sí ará Lọ́ńdọ̀nù.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ìbéèrè yín wà nínú omi wa

Ibí ni mo fẹ́ ká ti fara balẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n pé òun "nífẹ̀ẹ́ sí kẹ́mísírì àyíká". Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń kọ irú rẹ̀. Ohun tí ẹ̀yin ní tí ará Toronto kò ní ni ibi tí ẹ ń gbé.

Ẹ lọ sí ọjà Olúwo ní àárọ̀, kí ẹ wo òbòkún àti èpìyà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé láti ọ̀sà. Òbòkún máa ń jẹun nísàlẹ̀ omi, nínú ẹrẹ̀. Inú ẹrẹ̀ yẹn náà ni òjé, kádímíọ́mù àti makiúrì máa ń rọ̀ sí. Ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ kejì ọjà, níbi tí àwọn ìyá wa ti ń ta ẹja gbígbẹ. Èéfín igi tó ń gbẹ ẹja máa ń fi àwọn èròjà kan sára rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PAH, àwọn kan nínú wọn sì lè fa jẹjẹrẹ. Irú igi wo ló ń mú un pọ̀ jù? Tí àlàfo tó wà láàárín iná àti ẹja bá pọ̀ sí i, báwo ni yóò ṣe dín kù tó? Tí ẹ bá dáhùn èyí dáadáa, àwọn ìyá wa náà yóò jẹ níbẹ̀, kì í ṣe ìwé nìkan.

Ẹ wọkọ̀ gba Ìtòikín lọ sí Ìkòròdú, ẹ ó rí iṣẹ́ púpọ̀ sí i. Ilé ìrẹsì Ìmọ̀tà, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kìíní 2023, lágbára láti lọ tọ́ọ̀nù 32 láàárín wákàtí kan. Ẹ ro ti èèpo ìrẹsì tí yóò kù sílẹ̀. Sílíkà ló pọ̀ jù nínú eérú èèpo náà, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì sì ń fi sílíkà ṣe ohun tó ń fa èròjà búburú kúrò nínú omi. Ògíjo tó bá Ìkòròdú pààlà sì ni àwọn iléeṣẹ́ ti ń yọ́ bátìrì ògbólógbòó láti gba òjé inú rẹ̀. Ní 2025, ìròyìn jáde káàkiri ayé pé àyẹ̀wò rí òjé tó pọ̀ ju bó ti yẹ lọ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan tó ń gbé àdúgbò náà. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Kí àwọn ọmọ wa tó kàwé kẹ́mísírì máa gba ibẹ̀ kọjá nínú bọ́ọ̀sì láìbi ara wọn ní ìbéèrè kankan, ó ń dùn mí.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ewé, àgbo ibà wa ńkọ́? Orúwo, dongóyárò, èèpo ahùn. Ewé kan tí àwọn ará Ṣáínà ti ń lò láti ayé àtijọ́ ni Tu Youyou, onímọ̀ oògùn ọmọ Ṣáínà, ti yọ artemisinin, èyí tó mú kó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015, èròjà yẹn ló sì bí oògùn ibà tí ẹ ń rà ní kẹ́míìsì lónìí. Àwa náà ti ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí: Sanya Onabamiro, ọmọ Àgọ́-Ìwòyè, fi kòkòrò tíntìntín inú omi ìlú wa, èyí tó ń gbé àrùn sọ̀bìà kiri, ṣe ìwádìí títí orúkọ rẹ̀ fi wọ ìwé àwọn onímọ̀.

Tí ẹ bá ti rí ibi tó wù yín, ẹ fún ìbéèrè náà di tóóró. "Ìdọ̀tí inú ọ̀sà" fẹ̀ jù. "Òjé inú ẹja" sàn díẹ̀. "Ṣé láti inú ẹrẹ̀ ni òjé ti ń wọ ara òbòkún, àbí láti inú omi?" Ìyẹn ti di ìbéèrè tí èèyàn lè fi ọdún 3 lé. Ẹ wá ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe lórí Google Scholar àti PubMed, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Tí ìwé ìwádìí kan bá ní kí ẹ sanwó, ẹ kọ ìmeèlì sí ẹni tó kọ ọ́, ẹ tọrọ rẹ̀. Inú wọn máa ń dùn láti fi ránṣẹ́. Ẹ ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ẹ ó máa kọ ọ́ sí: ẹni tó ṣe é, ohun tó rí, ohun tí kò dáhùn. Ohun tí kò dáhùn yẹn ni ẹ ó lò jù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín mọ lábù

Máàkì dára, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ mọ̀ ni pé tí òun bá fi ẹ̀rọ olówó iyebíye lé yín lọ́wọ́, ẹ ò ní bà á jẹ́. Ẹ wá ibi tí ẹ ti lè fi ọwọ́ ṣe é. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, UNILAG wà ní Akọka, LASU wà ní Ọjọ́ lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, LASUSTECH wà ní Ìkòròdú, NIMR tó ń ṣe ìwádìí ìṣègùn wà ní Yaba, NIOMR tó ń ṣe ti òkun àti ẹja sì wà ní Victoria Island. Ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ, kí ẹ bèèrè bóyá wọ́n nílò olùrànlọ́wọ́.

Ẹ ò gbọdọ̀ rò pé àìsí ẹ̀rọ ńlá ti parí ọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe ń bu omi fún àyẹ̀wò òjé gan-an, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ike polyethylene ni wọ́n ń lò. Wọ́n á fi ásíìdì náítíríìkì tó jẹ́ ìdá 10 nínú 100 rẹ ẹ́ mọ́jú, wọ́n á sì fi omi tí wọ́n ti yọ èròjà kúrò nínú rẹ̀ ṣàn án dáadáa. Tí ẹ bá dé ojú omi, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ kọjú sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, ẹ ri ike náà sísàlẹ̀ kí ó má baà gbé epo àti pàǹtí tó léfòó. Ẹ fi ásíìdì díẹ̀ sí i kí pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó, má ju 2 lọ, torí tí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, òjé á lẹ̀ mọ́ ara ike, ẹ̀rọ kò sì ní rí i. Ẹ kọ ọjọ́, aago àti ibi tí ẹ ti bù ú sára ike, kì í ṣe sórí ìdérí, torí pé ìdérí máa ń pààrọ̀ ara wọn. Ẹ tún gbé ike kan tó jẹ́ omi mímọ́ nìkan ló wà nínú rẹ̀ lọ, kí ẹ gbé e bọ̀, kí ẹ yẹ òun náà wò, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ọwọ́ yín ló kó ìdọ̀tí bá omi. Ẹni tó bá lè sọ èyí ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tó sì lè sọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti yàtọ̀ sí ẹni tó kàn há orúkọ ẹ̀rọ sórí.

Láti ilé, ẹ lè kọ́ èdè kọ̀ǹpútà bíi R tàbí Python, ọ̀fẹ́ ni wọ́n. Àbùdá kòkòrò àìmọye wà nínú GenBank, àká àbùdá orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ẹnikẹ́ni lè gbà wá sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń fi ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ AutoDock Vina wo bí èròjà ewé ṣe ń so mọ́ ara kòkòrò ibà. Ó dára, ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yẹn nìkan kò tó mọ́, torí ó ti pọ̀ jù lójú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ tì í.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ìwé tó máa ń pẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ lé

Tíránsíkírípítì, ìwé tó ní gbogbo máàkì yín láti yunifásítì, ló máa ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó rí ilé-ìwé rárá. Ẹ tọrọ ẹ̀dà tí ẹ lè fi pa mọ́ sọ́wọ́, torí pé ọ̀pọ̀ ilé-ìwé Amẹ́ríkà á fi ẹ̀dà yẹn gba fọ́ọ̀mù yín ná, kí ojúlówó tó tẹ̀ lé e. Ẹ ṣe ìwé ìrìnnà. Fún ilé-ìwé Nàìjíríà, ẹ fi ìwé ẹ̀rí NYSC sí i. Ní ti IELTS àti TOEFL, àwọn ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kọ́kọ́ bi ilé-ìwé bóyá wọ́n á gba lẹ́tà láti yunifásítì yín pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ yín. Àwọn mìíràn máa ń gbà á, owó ìdánwò yẹn á sì dúró lápò yín. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe IELTS, ọdún 2 péré ni èsì rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́, ẹ má tètè ṣe é jù.

Lẹ́tà ìjẹ́rìí gba ọgbọ́n. Olùkọ́ mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń béèrè, pàápàá ẹni tó bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá yín. Ẹ má pè é lórí fóònù pé "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀la ni wọ́n máa tì í." Ẹ fún un ní oṣù kan, ó kéré tán. Ẹ lọ kí i lọ́fíìsì, ẹ mú ìwé kan dání tó ní àkọlé iṣẹ́ yín, máàkì yín, ohun tí ẹ ṣe ní lábù tí òun fojú rí, àti ọjọ́ tí wọ́n máa ti fọ́ọ̀mù. Ẹ sì fọ̀wọ̀ bi í bóyá ó ní ìmeèlì yunifásítì, torí pé ọ̀pọ̀ ilé-ìwé òkèèrè kì í gba Gmail tàbí Yahoo lọ́wọ́ ẹlẹ́rìí. Tí ọjọ́ bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ rán an létí pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi lẹ́tà náà ránṣẹ́, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìmeèlì sí ọ̀jọ̀gbọ́n

Ẹ wá àwọn tó kọ ìwé ìwádìí tí ẹ ti kà. Ẹ lọ sí ojú ìwé lábù wọn. Ẹ wo nǹkan mẹ́ta: ṣé wọ́n ṣì ń tẹ ìwé jáde láàárín ọdún 2 sí 3 sẹ́yìn, ṣé wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́lọ́wọ́, ṣé wọ́n sọ pé àyè ṣí sílẹ̀ tàbí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó ìwádìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lábù sílẹ̀ máa ń nílò èèyàn ju èyí tó ti lókìkí lọ, ó sì máa ń ráyè kọ́ yín. Mo máa ń gba àwọn ọmọ níyànjú láti wá irú wọn dáadáa.

Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ó fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yóò ṣe lọ nìyí:

"Ọ̀jọ̀gbọ́n Lágbájá, mo ka ìwé ìwádìí yín lórí bí òjé ṣe ń ti inú ẹrẹ̀ bọ́ sára ẹja. Ẹja omi dídùn ni ẹ lò. Ìpínlẹ̀ Èkó ni mo ń gbé, ní Nàìjíríà, níbi tí omi ọ̀sà ti máa ń níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òjò sì máa ń fọ iyọ̀ náà lọ. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá iyọ̀ yẹn ń yí bí òjé ṣe ń wọ ara ẹja padà. Nínú iṣẹ́ àṣekágbá mi, mo fi ẹ̀rọ AAS wọn òjé nínú omi láti ibi mélòó kan. Mo rí i pé ẹ ó gba akẹ́kọ̀ọ́ PhD lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣé ìbéèrè yìí bá ohun tí ẹ ń ṣe mu? CV mi ojú ewé méjì àti máàkì mi wà pẹ̀lú ìwé yìí."

Ó tán. Ẹ rí i pé kò sí "mo ń fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀bẹ̀" níbẹ̀, kò sì sí ìtàn bí nǹkan ṣe le nílé. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣe pàtàkì. Ẹni tí ẹ ń kọ̀wé sí fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè ṣe iṣẹ́ náà ni. Àwa Yorùbá mọyì ìkíni gígùn, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ tí wọ́n mọ̀ lọ́hùn-ún ni pé ẹ ka iṣẹ́ àwọn kí ẹ tó kọ̀wé. Ẹ fi àkọlé sí ìmeèlì náà tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ so ìwé gbogbo pọ̀ sínú PDF kan, ẹ kọ orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n bó ṣe kọ ọ́. Ẹ má fi ìmeèlì kan náà ránṣẹ́ sí ogún èèyàn. Wọ́n á mọ̀.

Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, ẹ kọ ìlà méjì rán an létí. Tí kò bá tún dáhùn, ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ kò ní dáhùn, kì í sì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n kọ̀. Ẹni tó fẹ́ wọlé ní oṣù Kẹsàn-án yẹ kó ti máa kọ ìmeèlì láti nǹkan bí oṣù Kẹjọ ọdún tó ṣáájú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Orí Zoom ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iná NEPA. Ẹ gba ibi tó ní jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà, ẹ ní dátà orí ìlà méjì, ẹ sì ṣe ìṣirò aago, torí pé aago tiwọn máa ń yí padà láàárín ọdún, tiwa kì í yí. Wọ́n á ní kí ẹ ṣàlàyé iṣẹ́ àṣekágbá yín. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀, bí ẹ ṣe ṣe é, ohun tí ẹ rí, àti ohun tí kò lọ bó ti yẹ. Tí ẹ kò bá mọ ohun kan, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n, kí ẹ wá sọ bí ẹ ṣe máa wá a. Ẹ̀yin náà bi wọ́n: ọdún mélòó ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín fi ń parí? Ṣé mo lè bá ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀? Ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò bá fẹ́ kí ẹ bá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ ṣọ́ra fún un.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ ka lẹ́tà tí wọ́n fún yín dáadáa

Lẹ́tà ìgbàwọlé àti lẹ́tà owó, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Àwọn kan ti fi ayọ̀ pe ẹbí jọ lórí lẹ́tà tí kò ní kọ́bọ̀ nínú. Ẹ wo bóyá owó ilé-ìwé ti kúrò pátápátá, iye owó oṣù, iye ọdún tí wọ́n ṣèlérí rẹ̀, ẹni tó ń san owó ìlera, àti ẹni tó ń san owó ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ wá wo iye tí wọ́n ń gba iyàrá kan nínú ìlú náà. Owó tó tóbi lójú náírà lè kéré gan-an níbi tí ẹ ń lọ.

Ẹni tó ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún kẹ́mísírì, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ àfìgbà tí ó bá pẹ́: ìwé ATAS. Ìjọba wọn fẹ́ mọ̀ pé ẹ kò ní fi ìmọ̀ náà ṣe ohun ìjà. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ẹ kò sì ní rí físà láìní in. Bí wọ́n bá ti fún yín ní àyè ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láti 2024, àwọn tó ń lọ ṣe Másítà oníkíláàsì kò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ lọ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń lọ ṣe PhD ṣì lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Fún Jámánì, ẹni tí kò ní sikọ́láṣíìpù tàbí ìwé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi 11,904 Euro sínú àkáǹtì tí wọ́n tì pa (blocked account) fún ọdún kan. Tí ẹ bá ti ní ìwé iṣẹ́ tó sọ owó oṣù yín, òun ni ẹ ó fi hàn wọ́n. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ẹ wá ọ̀jọ̀gbọ́n kí ẹ tó wá ilé-ìwé.

Àwọn gbájú-ẹ̀

Kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n gidi tó máa ní kí ẹ san owó kí òun tó gbà yín sí lábù. Owó fọ́ọ̀mù wà ní àwọn ilé-ìwé kan, ẹ sì lè kọ̀wé bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀, àwọn ilé-ìwé Amẹ́ríkà pàápàá máa ń gbà. Ṣùgbọ́n ejẹ́ǹtì tó ní òun ní "àyè PhD" tí òun fẹ́ tà, ẹ sá fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn jọ́nà, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń tẹ ìwádìí sí, tó ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé-ìwé, tí wọ́n sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde láàárín ọjọ́ mélòó kan láìsí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ nínú CV máa ń ba èèyàn jẹ́ ju àìní rárá lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ kó omi, ẹja tàbí ewé wa lọ síbẹ̀

Tí ìbéèrè yín bá jẹ́ ti ọ̀sà tàbí ewé wa, ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹ máa fẹ́ gbé ohun àyẹ̀wò lọ sí lábù òkèèrè. Ẹ má dì í sínú àpò ìrìnàjò. Láti 2014 ni Ìlànà Nagoya, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tó ní kí orílẹ̀-èdè tó ni ewé, ẹja tàbí kòkòrò fọwọ́ sí i kí wọ́n tó gbé e jáde fún ìwádìí, kó sì ní ìpín nínú èrè tó bá tibẹ̀ jáde. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ni ẹ ó kọ̀wé sí. Tí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ èèyàn, bí i ti àwọn ará Ògíjo, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn tí wọ́n ń ṣe ìwádìí lé lórí. NIMR ní irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀ àti àwọn ìyálọ́jà pẹ̀lú, kí ẹ ṣàlàyé fún wọn kí ẹ tó bu omi kan tàbí ra ẹja kan, kí ẹ sì ṣèlérí pé ẹ ó padà wá sọ ohun tí ẹ rí. Yunifásítì méjèèjì, tiwa àti tiwọn, gbọ́dọ̀ bu ọwọ́ lùwé àdéhùn lórí ohun tí wọ́n ń gbé ránṣẹ́ síra wọn. Ìwé wọ̀nyí máa ń gba oṣù púpọ̀, ẹ bá ọ̀jọ̀gbọ́n yín sọ ọ́ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.